Ṣé Furry Ni Gbogbo Ẹni Tó Fẹ́ràn Ẹranko Inú Kàtúùnù? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí jáde tí kì í di àríyànjiyàn. Ẹnì kan á ní láti kékeré lòun ti fẹ́ràn Bugs Bunny, òun sì máa ń ya ajá tó wọ kóòtù sẹ́yìn ìwé òun. Ẹnì kejì á ní, "Furry ni ọ́ nìyẹn." Ti àkọ́kọ́ á yarí. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹyọ nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Èmi náà ní ibi tí mo fì sí, ẹ ó sì rí i bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Ta ni wọ́n ń pè ní furry gan-an?

Ẹni tó fẹ́ràn ẹranko tí wọ́n fún ní ìwà ènìyàn ni: ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tó ń wọṣọ, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń jowú, tó ń jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn nìkan kò tó. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ó ní ìtàn tirẹ̀, ó ní àpéjọ ọdọọdún ní ìlú púpọ̀, ó ní àwọn ayàwòrán tó ń fi í jẹun.

Ẹ sọ ọ́ ní ṣókí. Mo fẹ́ràn ẹranko inú kàtúùnù. Ṣé furry ni mí?

Rárá o, àfi tí ẹ bá fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ló ṣe jẹ́ rárá? Ṣebí ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ràn?

Ọdún 1928 ni Mickey Mouse jáde, Bugs Bunny jáde ní 1940, kò sì sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n dé tí àwọn ọmọdé kò ti mọ àwọn méjèèjì. Tí a bá ní furry ni gbogbo ẹni tó ti rẹ́rìn-ín sí wọn, kò sí ẹni tó máa ṣẹ́kù tí kì í ṣe furry, màmá mi náà á sì wà nínú wọn. Ẹni tó dúró wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ṣọ́ọ̀bù kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Arsenal.

Lójú tèmi, ohun tí kálukú ń wá ló yà wọ́n. Ẹni tó fẹ́ràn kàtúùnù kan, ìtàn yẹn ló ń wá, àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe é mọ́, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Furry ò nílò fíìmù kankan kó tó jẹ́ furry. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fẹ́ràn, ọwọ́ ara wọn ló ti wá. Ẹnì kan á jókòó, á ní òun á jẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Irú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo? Aláwọ̀ búlúù ni, etí òsì rẹ̀ ya díẹ̀, ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ, kì í sùn lóru. Ó fún un lórúkọ. Wọ́n ń pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní fursona, òun sì ni olúwarẹ̀ fi ń bá àwọn yòókù pàdé. Á wá sanwó fún ayàwòrán kó bá òun yà á, á tún lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì kó yà á lọ́nà míì. Tí ẹ bá dé àpéjọ wọn, ẹ ó rí káàdì lọ́rùn àwọn èèyàn, káàdì méjì, mẹ́ta, mẹ́rin lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo, ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, ayàwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yà wọ́n. Kò sí èyí tó ti inú fíìmù wá níbẹ̀.

Ibo ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ìtàn yìí fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà.

Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ìwé kọ́míìkì. Ní 1976, Reed Waller àti Ken Fletcher dá ìwé kan sílẹ̀ ní Minneapolis tí wọ́n pè ní Vootie, fún àwọn ayàwòrán tó ń ya ẹranko apanilẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ará ìlú nígbà náà, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ya àwòrán, á kọ lẹ́tà, á fèsì sí ohun tí àwọn yòókù sọ nínú èyí tó kọjá, á wá ṣe ẹ̀dà ojú ìwé tirẹ̀ ní iye tó máa kárí gbogbo wọn, á fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Olóòtú á to ti gbogbo wọn pọ̀, á gán an, á fi ìdì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ padà sí kálukú. Ẹni tí kò bá fi ojú ìwé ránṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa: òǹkàwé lásán kò sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 1977, àwọn kan ní Los Angeles dá ẹgbẹ́ Cartoon/Fantasy Organization sílẹ̀ láti máa wo kàtúùnù ilẹ̀ Japan. Fred Patten àti Mark Merlino wà lára wọn. Patten ló padà wá di òpìtàn ẹgbẹ́ furry, iṣẹ́ tó ṣe títí tó fi kú ní 2018. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹgbẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀ ni àpéjọ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì tó wáyé ní Boston ní 1980. Steve Gallacci gbé àwòrán ológbò kan wá síbi àfihàn. Jagunjagun ni ológbò náà, ojú rẹ̀ kò sì fi ẹ̀rín hàn rárá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká, wọ́n ń bi í ní ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń pàdé ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì nígbàkigbà tí àpéjọ bá wà, wọ́n ń fi ìwé àwòrán wọn han ara wọn.

Ohun tó fà wọ́n mọ́ra níbẹ̀ ni pé ẹranko lè ru ìtàn àgbàlagbà: ogun, òṣèlú, ìfẹ́, ìbànújẹ́. Àwọn tó ń fẹ́ kí ehoro máa ju kárọ́ọ̀tì káàkiri wà lọ́tọ̀, wọn ò sì jẹ̀bi ohunkóhun.

Ní 1984, Marc Schirmeister dá Rowrbrazzle sílẹ̀ lẹ́yìn tí Vootie kú, ìlànà kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn, Merlino àti Rod O'Riley ń ṣe àríyá ní àpéjọ àwọn ẹlòmíì, wọ́n ń lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri pé àríyá furry wà ní yàrá báyìí. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1989, wọ́n ya àpéjọ tiwọn sọ́tọ̀ ní Costa Mesa, California. ConFurence Zero ni wọ́n pè é. Èèyàn 65 ló wá.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: inú àwọn olólùfẹ́ ẹranko kàtúùnù ni wọ́n ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n jáde. Ẹni tó kù sílé kò bá wọn lọ.

Mélòó ni wọ́n báyìí?

Àpéjọ wọn ló lè fi hàn díẹ̀. Anthrocon, àpéjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Albany ní 1997 tó sì kó lọ sí Pittsburgh ní 2006, gba èèyàn tó ju 17,000 ní 2024. Midwest FurFest, tó ń wáyé lẹ́bàá Chicago, tóbi bẹ́ẹ̀. Eurofurence bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1995, Hamburg ló wà báyìí. Ní Pittsburgh, àwọn ilé oúnjẹ máa ń lẹ àwòrán ẹranko mọ́ fèrèsé wọn lọ́sẹ̀ àpéjọ náà, ará ìlú sì máa ń jáde wá wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn lójú pópó. Ẹni tó bá ń tajà mọ àlejò tó ń náwó.

Ṣé gbogbo wọn ló ń wọ aṣọ ẹranko ńlá yẹn?

Rárá. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá àti àwùjọ tó ń ṣèwádìí lórí wọn, àwọn bíi Kathleen Gerbasi, Courtney Plante àti Sharon Roberts, ti rí i léraléra pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní aṣọ náà, ìyẹn fursuit. Kámẹ́rà ló fẹ́ràn àwọn tó wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lóde fi rò pé aṣọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Aṣọ ọ̀hún kì í ṣe kékeré ṣá. Fóòmù ni wọ́n fi ń gbẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á lẹ irun àtọwọ́dá bò ó, wọ́n á gé irun náà lọ́nà tí ojú á fi là. Àwọ̀n wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn ni ẹyinjú, inú rẹ̀ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ ti ń ríran, kì í sì í rí ẹ̀gbẹ́ tàbí ilẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹnì kan máa ń bá a rìn, á máa sọ fún un pé àtẹ̀gùn wà níwájú, ọmọdé wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ooru inú rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn kan ń fi fáànù kékeré sínú orí náà. Àpéjọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ya yàrá kan sọ́tọ̀, fáànù ńlá wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí wọn tí wọ́n ti ṣí orí lé ẹsẹ̀, tí òógùn bò wọ́n, tí wọ́n ń mu omi bí ẹni tó ti oko dé. Ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan ni odindi aṣọ kan tó dára. Ẹni tí kò ní in kò dín kù lójú wọn.

Àwọn tó fẹ́ràn Sonic ńkọ́? Àwọn brony ńkọ́?

Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Láti 1991 tí ilé iṣẹ́ géèmù Sega ti gbé Sonic, ẹranko aláwọ̀ búlúù kan, jáde ni ó ti ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀, géèmù ló sì kó wọn jọ. Àwọn brony, ìyẹn àwọn olólùfẹ́ kàtúùnù My Little Pony, bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èyí tuntun jáde ní 2010. Wọ́n ní àpéjọ tiwọn, wọ́n ní orin tiwọn, BronyCon tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Baltimore ní 2019 gba èèyàn tó ju 10,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbaná jẹ tí ẹ bá pè wọ́n ní furry.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wà níbi méjèèjì. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Sonic ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, tó fún un lórúkọ míì, tó wá rí i pé òun ò nílò Sonic mọ́, ojú ọ̀nà ló wà yẹn. Mo ti rí àwọn furry púpọ̀ tó sọ pé ibẹ̀ làwọn gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kì í ṣe ilé.

Tí fíìmù kan bá kún fún ẹranko, ṣé fíìmù furry ni?

Èyí ń bí mi nínú díẹ̀, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbé e sí. Robin Hood tí Disney ṣe ní 1973, tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ́ olórí eré inú rẹ̀, wà lára ohun tí àwọn furry àgbà sábà máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ mú ọkàn àwọn. Nígbà tó jáde, kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan tó ń jẹ́ furry. Ẹ ò lè sọ pé wọ́n ṣe é fún àwọn tí kò tíì sí. Àwọn furry ló gbà á ṣe tiwọn. Bákan náà ni Zootopia ní 2016. Ó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní sinimá, àwọn ìdílé tí kò mọ furry yàtọ̀ sí ferret, ẹranko kékeré kan, ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti fi ṣàpẹẹrẹ jù ni Usagi Yojimbo ti Stan Sakai. Ehoro tó jẹ́ sàmúráì ni. Inú ìwé Albedo, ìwé Gallacci tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1984. Ní ti ibi tí wọ́n bí i sí, kò sí kọ́míìkì tó sún mọ́ àwọn furry tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á títí dòní, ìtàn ilẹ̀ Japan àtijọ́ àti idà ni wọ́n bá wá, wọn ò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà. Ìwé kan náà, òǹkàwé méjì, orúkọ méjì. Ìwé kọ́ ló ń sọni di furry.

Ẹranko ni mò ń yà láti fi jẹun. Àwọn èèyàn ti ń pè mí ní furry. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gba owó yín. Àwọn tó ń ṣe kàtúùnù nílé iṣẹ́ ńlá wà nínú Rowrbrazzle nígbà náà, àwọn míì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi iṣẹ́ kò gbọ́ orúkọ ìwé náà rí. Tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń yàwòrán.

Ṣé ìṣekúṣe ni ẹgbẹ́ náà wà fún? Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn.

Kí n má parọ́: àwòrán àgbàlagbà wà nínú rẹ̀, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará ìta gbọ́, tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọ́. Ní 2003, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CSI gbé àpéjọ furry jáde bí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ju ìbálòpọ̀ lọ, ẹni tí kò tíì rí furry rí sì ti mọ ohun tó fẹ́ rò.

Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé náà kó tó dé tẹlifíṣọ̀n. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn kan pe ara wọn ní Burned Fur, wọ́n ní àwọn fẹ́ lé àwọn tó ń ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ jáde. Wọn ò rí i ṣe, torí kò sí olórí kankan tó lè léèyàn jáde nínú ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn àgbà kan tó fẹ́ràn ẹranko apanilẹ́rìn-ín láti ìgbà Vootie kò gba orúkọ furry mọ́ra rárá nítorí irú nǹkan báyìí. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tó bá ń fi dandan pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ń yájú.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn furry gbà pé ẹranko ni àwọn?

Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn wọn wà lóòótọ́, therian ni wọ́n ń jẹ́, díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ furry pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ní ti furry lásán, ó mọ̀ pé akọ̀wé báǹkì lòun, ó kàn fẹ́ràn láti jẹ́ ìkookò lópin ọ̀sẹ̀ ni.

Ti ilé ìwé tí wọ́n gbé àwo ìgbẹ́ ológbò sí fún àwọn ọmọ furry ńkọ́?

Irọ́ ni. Àwọn olóṣèlú kan ní Amẹ́ríkà ń gbé e kiri ní 2022, àwọn oníròyìn tọpa rẹ̀ láti ilé ìwé kan sí èkejì, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni ti oṣù Kejìlá 2014, nígbà tí ẹnì kan da kẹ́míkà kílórínì sí ibi àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì tí Midwest FurFest ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá jáde sínú òtútù lóru, wọ́n gbé mọ́kàndínlógún lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń gbé ti àwo ológbò kiri kì í dárúkọ ìyẹn.

Àwa tí wọ́n fi àlọ́ Ìjàpá tọ́ dàgbà, ṣé a ò ti ń ṣe é ṣáájú wọn?

Ẹranko tó ń hùwà bí ènìyàn ni Ìjàpá lóòótọ́, ó níyàwó, ó ní àna, ó ń jí iṣu jẹ. Ó tilẹ̀ bá àwọn baba wa kọjá òkun: Lydia Cabrera kó irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ jọ láti Cuba, ó pe ìwé rẹ̀ ní Ayapá, 1971 ló jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Kò sí ọmọ tó ń sùn tó ń gbàdúrà kóun di Ìjàpá. Wọ́n ń pa á lálọ̀ọ́ ká lè fi í ṣẹ̀sín, ká sì bọ́ lọ́wọ́ ìwà rẹ̀. Furry máa ń yan ẹranko tó fẹ́ kí ojú òun jọ. Nítorí náà, ó dàbí ẹni pé ẹranko la jọ fi ń ṣe é, ohun tí a fi í ṣe ló yàtọ̀. Tí ọmọ Yorùbá kan bá wá mú Ìjàpá ṣe fursona, tó fi agbádá wọ̀ ọ́, mo máa fẹ́ rí àwòrán náà.

Ta ló wá ní àṣẹ láti sọ ẹni tó jẹ́ furry?

Olúwarẹ̀ ni. Kò sí ìdánwò, kò sí owó ìwọlé, kò sí alága. Ẹni tó bá sọ pé òun ni, tó sì ń bá wọn ṣe, òun ni. Ẹni tó ń bá wọn ṣe tó ní òun kọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló wà. Ẹni tó ní òun ni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé, tó kàn ń yàwòrán nínú yàrá rẹ̀, òun náà ni, bí àwọn kan tiẹ̀ á bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò gbà fún ni ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹlòmíì.

Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sọ pé furry lòun. Ẹ gbà mí o.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ní kó fi ohun tó ń yà hàn yín. Ìgbà púpọ̀, àwòrán àti ọ̀rẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ ṣe máa ń wo ti ibòmíì: ọ̀pọ̀ ìkànnì wọn ní bọ́tìnì tó ń pa àwòrán àgbàlagbà mọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ rí i pé ọjọ́ orí tó fi forúkọ sílẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ mọ orúkọ àwọn àgbàlagbà tó ń bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Àpéjọ ńláńlá kì í gba ọmọdé láìsí ìwé àṣẹ òbí tàbí òbí fúnra rẹ̀, nítorí náà tó bá ní òun fẹ́ lọ, ọwọ́ yín ló wà nìyẹn. Tó bá sì ní kẹ́ ẹ ra fursuit fún òun, ẹ ní kó dúró títí ara rẹ̀ á fi parí gíga, torí aṣọ olówó ńlá yẹn kì í bá ọmọ dàgbà.